Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí Ẹni Tí Ń Ṣe Áàpù Ṣe Lè Jèrè Iṣẹ́ Rẹ̀

  Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù lọ lónìí.

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni ó wá ń sọ̀rọ̀ áàpù orí fóònù. N kò wá láti kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ti ń ṣe é. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n pọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti ní Ilé-ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Adó níhìn-ín. Ohun tí ó gbé mi dìde ni pé àwọn ọmọ wa ń ṣe iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ náà sì dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí èrè jẹ nídìí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ṣe áàpù òwe Yorùbá. Ó kó òwe jọ, ó fi àmì ohùn sí wọn, ó ṣàlàyé wọn, èmi fúnra mi sì bá a yẹ iṣẹ́ náà wò. Nígbà tí yóò fi tó oṣù mẹ́fà, àwọn tí ó ti gbà á sórí fóònù wọn lé ní 3,000. Inú wa dùn púpọ̀. Àfi bí ó ṣe wọ ọ́fíìsì mi wá lọ́jọ́ kan tí ó ní, "Ọ̀gá, mo fẹ́ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀." Ó ní gbogbo owó tí òun rí nídìí áàpù náà kò tó owó dátà tí òun fi ṣe é. Mo bi í pé, "Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀, ta ni o rò pé yóò sanwó?" Ó wò mí títí, kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀bi náà sì kàn mí, nítorí èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ kò bi í ní ìbéèrè yìí kí ó tó dáwọ́ lé e.

Ìbéèrè náà gan-an ni orí ọ̀rọ̀ wa. Ẹni mẹ́ta ni ó lè sanwó áàpù: ẹni tí ń lò ó, ẹni tí ó fẹ́ polówó ọjà nínú rẹ̀, àti ẹgbẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀ wá lọ́wẹ̀ láti ṣe é. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí ń lò ó. Ní ọdún 2008 ni Apple àti Google ṣí ilé-ìtajà áàpù wọn. Bí ọjà ni àwọn méjèèjì rí: ẹni tí yóò pàtẹ níbẹ̀ yóò san owó ìsọ̀. Google ń gba 25 dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 99 dọ́là ni ti Apple lọ́dọọdún. Bí ọjà bá tà, wọn a tún yọ ìpín tiwọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 30 nínú 100 ni ìpín náà. Ní ọdún 2021 ni wọ́n dín in kù sí 15 fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké.

Ọ̀nà mẹ́ta ni òǹlò fi ń sanwó. Ó lè ra áàpù kí ó tó gbà á. Ó lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó wá sanwó kí á tó ṣí ìyókù fún un. Ó sì lè máa san àsansílẹ̀ owó lóṣooṣù. Ti àkọ́kọ́ ṣòro ní ilẹ̀ wa, nítorí ẹni tí kò tíì tọ́ ọbẹ̀ wò kì í fẹ́ sanwó oúnjẹ. Ti èkejì ni ó bá wa mu jù.

Ẹ wo ìdánwò JAMB. Ní ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Nígbà tí ó di 2015, wọ́n pa ti orí ìwé tì pátápátá. Láti ìgbà náà ni áàpù ìdánrawò ti di ohun tí à ń tà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ìbéèrè díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá fẹ́ ìyókù, yóò san náírà, a ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ tí í ṣe àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà àti olùkọ́ lẹ́sìn ń bá oníṣẹ́ tà á, wọ́n sì ń jẹ ìpín díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí tí ó fi ń tà ni pé ìdánwò ní ọjọ́, kò sì sí òbí tí ó fẹ́ kí ọmọ òun tún fi ọdún kan jókòó sílé. Ètò ìsanwó bíi Paystack, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, àti Flutterwave, tí ó tẹ̀ lé e ní 2016, mú kí á lè gba náírà láìsí pé oníbàárà ń wá dọ́là kiri. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára: ilé-ìtajà kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀ lórí bí a ti ń gba owó, ìwé àti ìbéèrè ẹlòmíràn sì ní olúwa. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó lò wọ́n.

Ẹnì kejì ni olùpolówó ọjà. Ètò tí ọ̀pọ̀ ń lò fún èyí ni AdMob, tí Google rà ní ọdún 2010. Díẹ̀díẹ̀ ni owó rẹ̀ ń kán, ó sì ń yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀: ojú tí ń wòran ní Adó kò pa owó tó ojú tí ń wòran ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó náà kì í sì í jáde àfi bí ó bá pé 100 dọ́là. Áàpù tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń ṣí lójoojúmọ́ ni ọ̀nà yìí yẹ. Èrò ìwòran a máa kún ọjà, ṣùgbọ́n oníbàárà ni ó ń mówó wá.

Ẹnì kẹta ni ẹgbẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ wo ohun tí ń yọ àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́nu. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ọjà Ọba. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ owó sí, kò sì sí ìparí oṣù tí ìjà kì í ṣẹlẹ̀ lórí ẹni tí ó san àti ẹni tí kò san. Ọmọ náà ṣe áàpù tí ń kọ owó ìdáwó àti owó èlé sílẹ̀, tí ó sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù oníkálukú. Obìnrin 62 ni wọ́n. Olúkúlùkù ń san 200 náírà lóṣù fún un. Èyí jẹ́ 12,400 náírà. Kò sọ ọ́ di olówó, ṣùgbọ́n ó ju ohun tí àwọn 3,000 yẹn mú wá lọ, ẹgbẹ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́ àti òmíràn ní Ìyìn sì ti ránṣẹ́ pè é. Mo kìlọ̀ fún un pé kí ó kọ àdéhùn sílẹ̀: ta ni ó ni áàpù náà, ta ni yóò máa tún un ṣe, èló sì ni? Mo tún rán an létí òfin ọdún 2023 tí ó dáàbò bo àṣírí ènìyàn: ẹni tí orúkọ àti owó ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ.

Ṣé áàpù òwe wá já sí asán ni? Rárá o. Àwọn òbí Yorùbá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ń wá ohun tí yóò fi èdè wa sí ọmọ wọn lẹ́nu. Genii Games, ilé-iṣẹ́ tí Adebayo Adegbembo dá sílẹ̀, ti ṣe Yorùbá101 fún àwọn ọmọdé. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń ka òwe rẹ̀ sínú ẹ̀rọ báyìí, kí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ẹni tí òun ń ṣe é fún.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé iṣẹ́ àṣekágbá wá, ẹ má ṣe wo bí ó ti ṣiṣẹ́ nìkan. Ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò sanwó. Ẹ̀yin ọmọ wa, ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé igbá, ẹ mọ ọjà tí ẹ ń ná.