Omi tí kò rọ́nà lọ: Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan sọ ní ìpàdé wa ní Surulere

Alága ní kí n má pẹ́, mi ò sì ní pẹ́.

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Òótọ́ ni, àmọ́ omi tí ò bá rọ́nà lọ, ọ̀tá ilé ni. Ta ló wà l'Ékòó lọ́jọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011 tó lè gbàgbé òjò ọjọ́ yẹn?

Ẹ wo ilẹ̀ tá a fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn sí ní Mushin. Ó rẹlẹ̀ sí títì. Ògiri iwájú ló máa gbé erùpẹ̀ títì dúró, omi òjò á sì máa rọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Tí omi bá ga ní mítà kan lẹ́yìn ògiri, agbára tó fi ń tì í nísàlẹ̀ tó tọ́ọ̀nù kan lórí mítà kan níbùú lóròó. Rírẹ́ ògiri ní sìmẹ́ǹtì ò lè dá a dúró. Ọ̀nà ni ká là fún un.

Ohun tó ń ṣe é làwọn ẹnjiníà ń pè ní geocomposite. Ike tó rí gbágungbàgun ló wà nínú, kí omi lè ráyè ṣàn lọ sísàlẹ̀. Aṣọ tó ń jẹ́ geotextile ló bò ó lójú. Iṣẹ́ asẹ́ ògì ni aṣọ yẹn ń ṣe: omi á kọjá, erùpẹ̀ á dúró. Òmíràn tún ní ọ̀rá líle lẹ́yìn, tí omi ò lè gbà kan ògiri. Òkúta wẹ́wẹ́ nìkan náà ń gbé omi lọ, àmọ́ tí kò bá sí aṣọ, erùpẹ̀ á dí i tó bá yá.

Nǹkan mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Èkíní, ká ka owó ẹ̀ mọ́ owó ìpìlẹ̀, nítorí tá a bá ti da erùpẹ̀ padà, àfi ká tún un hú. Èkejì, ojú aṣọ ni kó kọ sí erùpẹ̀, kí wọ́n má sì sá a sóòrùn lọ títí, oòrùn máa ń jẹ ẹ́. Ẹ̀kẹta, kí páìpù wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tó máa gbómi lọ. Tí gọ́tà àdúgbò bá ga jù ú lọ, ká gbẹ́ kòtò tí ẹ̀rọ á ti máa fa omi jáde. Ìyẹn ò ní ká má ṣe dípíìsì o. Omi tó ń gun ògiri látìsàlẹ̀, iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ sí owó yìí lónìí, kí birikilà tó dé ibẹ̀. Ìlú wa á dára.