Ẹ Jẹ́ Kí Akápò Yín Sùn

Ẹ ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ òru nígbà tí mo jẹ́ ọlọ́pàá. Òru kan ṣoṣo ni n ó sọ.

Ní ọdún 1974, lásìkò kòkó, èmi àti ẹnìkejì mi ń ṣọ́de láti Bẹẹrẹ lọ sí Màpó, n'Ìbàdàn. Òru ọjọ́ Àìkú ni. Ní nǹkan bí aago méjì, a bá bàbá kan lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, àdá wà lórí itan wọn. Akápò ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gba owó kòkó, báńkì sì ti tì. Láti ìgbà náà, wọn kò sùn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí olè bá gbé e, ta ni yóò gbà pé kì í ṣe èmi ni mo kó o jẹ?"

N kò rí èsì fọ̀. A jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́. Sájẹ́ǹtì wa fìyà jẹ wá pé a kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò kábàámọ̀.

Ẹ̀yin ará, ọlọ́pàá lè ṣọ́ ilé. Kò lè ṣọ́ orúkọ rere. Ẹ má gba owó ẹgbẹ́ nígbà tí báńkì bá ti tì. Kí ẹni méjì jọ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì mú rìsíìtì bọ̀ wá fún akọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí akápò yín sùn.