Ilé Tí Àkànlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì Ti Wá



Ṣàṣà ni ọ̀sẹ̀ tó máa kọjá kí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì wa máà ròyìn pé gómìnà kan tàbí ọ̀gá ọlọ́pàá kan "read the riot act" fún àwọn kan. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìkìlọ̀ líle ni. Àmọ́ ẹ bi ọmọ ilé ìwé pé kí ni "riot act" yìí gan-an, ta ló ń kà á, àwọn wo ló ń kà á sí létí, ẹ ó rí i pé kò ní mọ ohun tó máa sọ. Òfin gidi ni. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1715, nígbà tí Ọba George Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ìtẹ́, tí ìlú ò fararọ. Bí èèyàn 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kóra jọ tí wọ́n ń da ìlú rú, adájọ́ májísíréètì á dúró níwájú wọn, á ka ìkéde kan sókè ketekete lórúkọ ọba pé kí wọ́n tú ká. Wákàtí kan péré ni wọ́n ní. Ẹni tí wákàtí náà bá bá níbẹ̀, ikú ni ìjìyà tí òfin là sílẹ̀ fún un. Ó pẹ́ tí wọ́n ti wọ́gi lé òfin ọ̀hún, àmọ́ gbólóhùn rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn, ó sì bá wọn dé Nàìjíríà.

Ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn yìí lẹ́ẹ̀kan ò ní gbàgbé ìtumọ̀ gbólóhùn náà mọ́. Ju ìyẹn lọ, á mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni tó lágbára láti fìyà jẹni ló ń ka òfin síni létí. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè sọ pé òun ka "riot act" fún ọ̀gá ilé ìwé òun. Ohun tí mo wá sọ lónìí nìyí: àkànlò èdè kọ̀ọ̀kan ní ilé tó ti wá, ó ní irú ẹni tó ń sọ ọ́ àti ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ẹni tó bá kọ́ ìtumọ̀ nìkan, tí kò kọ́ àwọn wọ̀nyí mọ́ ọn, ìdajì ló kọ́. Ìdajì yẹn sì ni ilé ìwé wa ń fún àwọn ọmọ. Ìdánwò á gbé gbólóhùn kan kalẹ̀, á fi ìdáhùn mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, ọmọ á mú ọ̀kan. Nítorí náà, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tó to àkànlò èdè lọ bẹẹrẹ ló ń há sórí.

Ẹ wo "kick the bucket". Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ náà á ní "kú" ló túmọ̀ sí, kò sì parọ́. Ẹni tó mọ "kick", tó tún mọ "bucket", kò lè rí ikú nínú ọ̀kankan nínú méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí àlejò tó ń kọ́ Yorùbá kò ṣe lè tú "ta téru nípàá" sí wẹ́wẹ́ kó sì bá òkú níbẹ̀. Àmọ́ Francis Grose, tó kó gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yìí sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1785, ọ̀rọ̀ ìgboro ni ó ń kó jọ: ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mùtí, àwọn olè àti àwọn ọmọ ìta. Ìgboro ló ti wá, ìgboro náà ló ṣì wà. Ọmọ tó bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn, ìtumọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti bu ọlọ́fọ̀ kù.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ọmọ Yorùbá ló yẹ kó tètè mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ta ni nínú wa tó máa sọ pé ọba ìlú òun ta téru nípàá? A ní ọba wàjà. A ní àgbàlagbà papò dà. A mọ èyí tí a ń sọ lójú ẹbí àti èyí tí a ń fi bú ọ̀tá. Ọmọ wa ti ní ìmọ̀ yìí kó tó wọ kíláàsì, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú rẹ̀. Ọmọ náà tún mọ̀ pé a kì í dédé yí ọ̀rọ̀ inú àkànlò èdè padà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Gẹ̀ẹ́sì rí. Ẹ ní "the bucket was kicked", ikú ti jáde kúrò nínú rẹ̀, garawa lásán ló kù.

Ilé kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti mọ ọ̀nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. David Crystal, onímọ̀ èdè ará Bìrìtìkó, ka àkànlò èdè inú Bíbélì King James ti ọdún 1611, ó sì rí 257. Ìkọ̀wé ara ògiri wà nínú ìwé Dáníẹ́lì, Pílátù ló wẹ ọwọ́ rẹ̀, afọ́jú tó ń fọ̀nà han afọ́jú wà nínú Mátíù. Odindi Bíbélì Yorùbá ti jáde láti 1884, iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí náà ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ti mọ "the writing on the wall" ní Yorùbá. Ibẹ̀ ni kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kó sì sọ ìtàn náà fún ọmọ tí kì í ka Bíbélì.

Ìtàn mìíràn tí mo fẹ́ràn ni ti Thomas Hobson ará Cambridge, tó kú lọ́dún 1631. Ó ń bá èèyàn kó ẹrù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń fi ẹṣin ṣe háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Wọ́n ní àwọn wọ̀nyí á máa ṣa ẹṣin tó yára jù mú, wọ́n á gùn ún títí á fi rẹ̀ ẹ́. Hobson wá ṣòfin: èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ ni wàá mú, tó ò bá fẹ́ ẹ, máa lọ. Ìdí nìyẹn tí "Hobson's choice" kì í fi í ṣe yíyàn láàárín ohun méjì tó burú, bí ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn wa ṣe ń lò ó. Ohun kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, kó o gbà á tàbí kó o fi í sílẹ̀.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe hun ìtàn fún èyí tí kò ní. Àwọn kan ń kọ́ ọmọ pé "raining cats and dogs" wá láti ọ̀dọ̀ ajá àti ológbò tó ń já bọ́ láti orí òrùlé koríko. Àròsọ ni. Ẹ kàn sọ fún ọmọ pé òjò ńlá ni, kẹ́ ẹ sì kọjá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni mo dé yìí. Lọ́dún 1986, onímọ̀ kan, Suzanne Irujo, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ilẹ̀ Venezuela tí wọ́n ń sọ Spáníìṣì nílé, tí wọ́n sì ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Àkànlò èdè tó bára mu nínú èdè méjèèjì ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Èyí tó jọra díẹ̀, tí kò bára mu tán, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ti ilé wọn wọ inú Gẹ̀ẹ́sì.

Tiwa náà nìyẹn. "Drag your feet" kò lè dààmú ẹni tó mọ ìfẹsẹ̀falẹ̀. Àmọ́ tí ọmọ bá gba ẹ̀bùn níwájú gbogbo ilé ìwé, bàbá rẹ̀ á ní, "Orí mi wú." Ìwúrí ni, ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni. Ọmọ tó bá wá kọ ọ́ sínú àròkọ pé "my father has a swollen head", agbéraga ló pe bàbá rẹ̀. "Ọwọ́ mi dí" bá "my hands are full" mu. Òṣìṣẹ́ tó bá kọ "my hands are tied" sí ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ohun tí ọ̀gá máa gbọ́ ni pé òfin tàbí àṣẹ kan ló dè é lọ́wọ́. Kò sí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ yìí, àfi olùkọ́ tó gbọ́ èdè méjèèjì.

Àwọn kan á bèèrè ti àwọn tí àwa fúnra wa ti yí padà. A ń sọ pé "more grease to your elbow". "More power to your elbow" ni wọ́n ń sọ ní Bìrìtìkó. Tèmi ni pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Láàárín wa, ó ti di tiwa, gẹ́gẹ́ bí "not on seat" ṣe jẹ́ ọmọ bíbí ọ́fíìsì ilẹ̀ wa. Kí ọmọ ṣáà mọ̀ pé ìdánwò lè fẹ́ ti Bìrìtìkó. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ "cut your coat according to your size". Aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹni ni gbólóhùn náà ń sọ, ìyẹn ni "cloth": bí owó rẹ bá ṣe tó ni kó o ṣe máa ná an. Nígbà tí a sọ ọ́ di "size", ọ̀rọ̀ owó yọ kúrò, ó ku ọ̀rọ̀ ara.

Onímọ̀ èdè kan, Frank Boers, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù ti fi ìwádìí hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá sọ orísun àkànlò èdè fún máa ń rántí rẹ̀ dáadáa. Ní ti fífi Yorùbá ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, nílé níbí, lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, láti sáà tó ń bọ̀, ẹ pe olùkọ́ Yorùbá wọ kíláàsì yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ gbé àkànlò èdè mẹ́ta péré kalẹ̀, kí ẹ sọ ìtàn wọn, kí àwọn ọmọ wá tiwọn ní Yorùbá, kí wọ́n sì sọ ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ dẹ́kun bíbá ọmọ wí nítorí pé ó sọ Yorùbá nílé. Ẹ̀yin tó ń ṣe ìwé ìdánwò, ẹ bi ọmọ pé ta ló lè sọ ọ́, fún ta, níbo.