Láti Ìdí Òfì Dé Ìdí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà, ẹ̀yin tí ẹ wá fi ọdún márùn-ún kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, tí ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022, tó gba oṣù mẹ́jọ gbáko, sì sọ márùn-ún náà di ohun tí a kò kà mọ́, mo kí yín kú àṣeyè. Mo sì kí ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ti Kàdúná fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ọgbà yunifásítì ní Samaru kú ìnáwó, kú ìfaradà.

Èmi kò mọ ìdí kọ̀ǹpútà, ìdí òfì ni mo mọ̀. Ìsẹ́yìn ni bàbá mi ti wá, ọmọ ahunṣọ òkè. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles Limited (KTL) bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kakuri, ní Kàdúná, ní 1957, ó wọ ọkọ̀ ojú irin n'Ìbàdàn, ó fi òfì ọwọ́ sílẹ̀ fún òfì oníná. Lójú tirẹ̀, ọgbọ́n kan náà ni: bí a bá fẹ́ ṣe ọnà sára aṣọ, òwú kan yóò dìde, òmíràn yóò jókòó, kí òwú ìdábùú tó gba àárín wọn kọjá.

Ní 1804, ará Faransé kan, Joseph Marie Jacquard, lu ihò sára páálí, ó sì fi í darí òfì: ibi tí ihò bá wà, òwú a dìde, ibi tí kò bá sí, a jókòó. Irú páálí oníhò bẹ́ẹ̀ ni Herman Hollerith fi ṣírò iye àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1890, òun náà ni a ṣì fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n dá yunifásítì yín sílẹ̀ ní 1962. N kò sọ pé àwọn baba wa ní Ìsẹ́yìn ló ṣe kọ̀ǹpútà o. Irọ́ kì í ṣe oríkì. Ṣùgbọ́n òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran: oókan àti òdo tó gba oorun lójú yín, òwú tó dìde àti èyí tó jókòó náà ni.

Kí ló wá dé tí òfì Kakuri fi dákẹ́? Iná ọba ń ṣe ségesège, aṣọ òkè òkun kún ọjà, ẹ̀rọ sì gbó mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ pọ̀ bí eṣú. Àwọn tó lè tú u palẹ̀, kí wọ́n sì tún un tò, kò tó nǹkan.

Ẹ fẹ́ lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Ẹ óò dé ilé-ẹ̀kọ́ kan, ẹ óò bá kọ̀ǹpútà tí wọ́n faṣọ bò ní yàrá ọ̀gá, wọn óò ní ó ti kú láti ìdúnta. Kí ẹ tó bá wọn ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú ìdè ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wo inú.