Ohun tí ibùdó ojú ọjọ́ ń sọ fún àgbẹ̀ nípa òjò, ooru àti kòkòrò oko



Ọ̀rọ̀ òní dá lórí owó tó ń ṣòfò lóko. Àgbẹ̀ kan gbin jéró nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ọ̀dá dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ gbẹ, ó tún di dandan kó ra irúgbìn mìíràn. Òmíràn fín oògùn sí àgbàdo lẹ́yìn tí kòkòrò ti wọ inú ewé lọ jinlẹ̀. Ẹ̀kẹta fín oògùn sí kòkó láàárọ̀, òjò sì fọ̀ ọ́ dànù kí ọ̀sán tó pọ́n.

Nọ́ńbà tó ń jáde láti ibùdó tí wọ́n ti ń wọn ojú ọjọ́ lè dín àdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kù. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò wúlò fún ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n wọ̀n, ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n àti ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ ká mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ni mìlímítà òjò kan?

Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, omi tó dà síbẹ̀ jẹ́ lítà kan. Nítorí náà, òjò mìlímítà 20 túmọ̀ sí lítà 20 lórí ìwọ̀n ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí hẹ́kítà kan, lítà 200,000 nìyẹn.

Orílẹ̀èdè Mali ló kọ́kọ́ fi nọ́ńbà yìí lé àgbẹ̀ lọ́wọ́ lọ́nà tó gbòòrò ní agbègbè wa. Lẹ́yìn ọ̀dá burúkú ọdún 1970 sí 1979, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 1982. Wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ ní ohun èlò ìwọn òjò, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kà á, wọ́n sì fún wọn ní ìtọ́sọ́nà lórí ìwọ̀n òjò tó gbọ́dọ̀ rọ̀ kí wọ́n tó gbin irúgbìn kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ àti ti ọ̀gbìn máa ń jókòó papọ̀, wọ́n á gbé ìmọ̀ràn jáde, rédíò á sì kà á sétí àwọn ará oko.

Kí ló dé tí wọn ò fi ní kí gbogbo àgbẹ̀ gbára lé ibùdó tó wà nílùú ńlá? Ìdí ni pé òjò ilẹ̀ Sahel kì í rọ̀ kárí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ to ohun èlò ìwọn òjò káàkiri ẹ̀gbẹ́ ìlú Niamey, ní orílẹ̀èdè Niger, lọ́dún 1992, wọ́n rí ibi méjì tí wọn ò jìnnà síra ju nǹkan bíi kìlómítà 9 lọ, síbẹ̀ tí òjò tó rọ̀ sí wọn fi ohun tó lé ní mìlímítà 200 yàtọ̀ síra ní àkókò òjò kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ tó láti kún àká ẹnì kan, kí ti èkejì sì ṣófo.

Òjò àkọ́kọ́ kì í sì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ àkókò òjò dandan. Ní Niamey kan náà, onímọ̀ Sivakumar gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ lọ́dún 1988 tí ọ̀pọ̀ ṣì ń lò: lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, ó kéré tán kí òjò mìlímítà 20 rọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ọ̀dá má sì dá ju ọjọ́ méje lọ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń wo apá kejì òṣùwọ̀n náà, torí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún yóò mọ iye ìgbà tí òjò ìbẹ̀rẹ̀ ti tan àwọn ará agbègbè rẹ̀ jẹ.

Ooru ta ni tẹ̀mómítà ń wọ̀n?

Inú àpótí funfun kan tó ní àlàfo lára, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé jáde, ni wọ́n máa ń gbé tẹ̀mómítà sí. Thomas Stevenson, ọmọ Scotland tó ń kọ́ ilé iná ojú òkun, ló ṣe irú àpótí yìí láyé ijọ́un. Oòrùn kì í ta sí tẹ̀mómítà náà, ó sì máa ń ga kúrò nílẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ooru afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n níbẹ̀. Yanrìn tí oòrùn ń pa lọ́sàn-án gbóná jù ú lọ fíìfíì, ewé tó wà lábẹ́ ìbòòji náà sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Síbẹ̀, nọ́ńbà yìí wúlò gan-an fún ọ̀rọ̀ kòkòrò. Ara èèyàn máa ń mú ooru tirẹ̀ jáde, ti kòkòrò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ibi tó wà bá ṣe gbóná tó ni yóò ṣe yára dàgbà tó.

Ẹ wo kòkòrò àgbàdo tí wọ́n ń pè ní fall armyworm. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀èdè àkọ́kọ́ tí wọ́n ti rí i. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ní South Africa, tó jáde lọ́dún 2020, fi hàn pé bí ooru bá wà ní dígírì 18, láti orí ẹyin títí tó fi di àfòpiná gba nǹkan bí ọjọ́ 71. Bí ooru bá jẹ́ dígírì 32, ọjọ́ 20 péré ni.

Ìwádìí náà fi hàn pé bí ooru bá lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi dígírì 12 ààbọ̀, kòkòrò náà kì í dàgbà mọ́. Ooru tó bá lé lórí ìyẹn lójúmọ́ ni wọ́n máa ń rò pọ̀. Bí àròpọ̀ rẹ̀ bá ti fẹ́ẹ̀ pé 390, ìran tuntun ti dé nìyẹn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ọ̀sán bá mú dígírì 33, tí òru sì mú 23, àárín rẹ̀ ni 28. Ẹ yọ 12 ààbọ̀ kúrò, ó ku 15 ààbọ̀. Ẹ pín 390 sí 15 ààbọ̀, ẹ ó rí nǹkan bí ọjọ́ 25. Ẹni tó ta pańpẹ́ fún àfòpiná, tó sì rí i pé wọ́n ti ń pọ̀ sí i, lè fi ìṣirò yìí mọ ìgbà tí ìran tó tẹ̀lé e yóò fò.

Àǹfààní rẹ̀ nìyí: níbi tí ooru bá wà, ẹyin rẹ̀ máa ń pa láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré, ojú ewé ló wà, ọwọ́ àti oògùn lè tó o. Bó bá ti dàgbà, á wọ inú ewé tó ká jọ láàárín àgbàdo, ìgbẹ́ rẹ̀ á dí ẹnu ibẹ̀, oògùn ò sì ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n tẹ̀mómítà kò rí kòkòrò o. Ìgbà tó yẹ ká lọ wo oko ló ń sọ. Ojú àgbẹ̀ ni yóò sọ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Òjò ńlá sì lè fọ ọ̀pọ̀ ọmọ kòkòrò dànù kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé ike oògùn.

Báwo ni kòkó ṣe pẹ́ tó nínú omi?

Côte d'Ivoire àti Ghana ló ń mú èyí tó ju ìdajì kòkó àgbáyé jáde. Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú ń bá wọn fínra, bó ṣe ń bá Cameroon àti Nàìjíríà fínra. Ohun tó ń fa àrùn náà kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tó bá wà lára èso. Bí èso bá tètè gbẹ, ó ṣòro fún un láti wọlé.

Nítorí náà, iye òjò nìkan kò tó. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni pé: wákàtí mélòó ni ara èso fi tutù? Àwọn ibùdó kan ní pátákó kékeré bí ewé tó ń ka wákàtí yìí. Èyí tí kò ní in máa ń lo ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í kà. Ìdá ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń kà á, ó sì máa ń yí padà pẹ̀lú ooru. Omi inú afẹ́fẹ́ lè má yí padà rárá, síbẹ̀ kí nọ́ńbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100 ní ìdájí, kó sì já wálẹ̀ sí 60 lọ́sàn-án. Ẹni tó bá ka ti ọ̀sán nìkan yóò rò pé ilẹ̀ gbẹ, ìrì sì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kó tó jí.

Gbangba ni ibùdó ojú ọjọ́ máa ń wà, abẹ́ igi ni kòkó wà. Ibẹ̀ kì í tètè gbẹ. Bí ibùdó bá sọ pé ewé tutù fún wákàtí mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí èso kòkó ti wà nínú omi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí gígé ẹ̀ka kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, àti kíká èso tó ti dúdú kúrò, fi ṣe pàtàkì bí oògùn.

Afẹ́fẹ́ ń gbé oògùn, ó ń gbé eéṣú

Mítà 10 sókè ni wọ́n ti ń wọn afẹ́fẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibùdó, irú èyí tó wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Nísàlẹ̀, níbi tí ẹni tó ń fín oògùn wà, kì í le tó bẹ́ẹ̀. Bó bá le jù, oògùn á fò lọ sínú kànga tàbí oko ẹlòmíràn. Bó bá sì dákẹ́ rọ́rọ́ ní ìdájí, oògùn lè so rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bí èéfín, kó wá balẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni kò rò.

Ní ti eéṣú, òjò àti afẹ́fẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ iyanrìn tó tutù ló ń yé sí, òjò tó lé ní mìlímítà 25 láàárín oṣù méjì sì sábà máa ń tó fún un láti bí sí i. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2003, òjò ńlá rọ̀ láti Dakar dé òkè Atlas ní Morocco, títí dé aṣálẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí òjò. Lọ́dún 2004, eéṣú ti bo oko ní Mauritania, Mali, Niger àti Senegal. Owó tí wọ́n fi kápá rẹ̀ lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là. Nọ́ńbà òjò inú aṣálẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbin nǹkan kan, ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́.

Kí ni àgbẹ̀ lè ṣe?

Ẹ gbé ohun èlò ìwọn òjò síbi tó tẹ́jú. Bí igi tàbí ilé bá wà nítòsí, ẹ jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì gíga rẹ̀, ó kéré tán. Ẹ kà á ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí òjò, ẹ kọ òdo, torí àyè tó ṣófo kò sọ nǹkan kan. Bí ibùdó tó ń dá ṣiṣẹ́ bá sọ òdo nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín rí i pé òjò rọ̀, ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò: ewé tàbí ilé aláǹtakùn lè ti dí i.

Ní Nàìjíríà, àjọ NiMet ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ àkókò òjò jáde lọ́dọọdún. Ẹ gbọ́ tirẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé tiyín wé e.

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Tí àgbẹ̀ kò tilẹ̀ dúró di ọrọọrún. Ojoojúmọ́ ni, láàárọ̀, pẹ̀lú bírò àti ìwé.