Ìwé Kílò 28: Ohun Tí Mo Rí ní Jọ́jíà àti Àméníà

Lónìí, Jọ́jíà àti Àméníà là ń lọ. Kì í ṣe Jọ́jíà ti Amẹ́ríkà o! Èyí tí mò ń sọ wà láàárín Rọ́ṣíà àti Tọ́kì, níbi tí àwọn òkè Caucasus wà.

Mo ṣì wà ní yunifásítì nígbà tí mo lọ. Báàgì ẹ̀yìn kan ni mo gbé, owó ọwọ́ mi ò sì tó nǹkan.

Tbilisi, olú ìlú Jọ́jíà, ni mo kọ́kọ́ dé. Lẹ́tà 33 ni wọ́n fi ń kọ èdè wọn, kò sì sí ọ̀kan tó jọ A, B, D tiwa. Orúkọ ibi tí bọ́ọ̀sì ń lọ, iye owó búrẹ́dì, ìkìlọ̀ ara ògiri: mi ò lè ka ìkankan. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé, mo di púrúǹtù! Fóònù ni mo fi ń ya àwòrán mẹ́núù kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ jẹ. Báyẹn ni mo ṣe mọ khachapuri, búrẹ́dì tí wọ́n fi wàràkàṣì kún inú ẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ yunifásítì kan níbẹ̀ mú mi rìn lójú pópó Rustaveli. Ó ní lọ́dún 1978, nígbà tí wọ́n wà lábẹ́ ìjọba Soviet, ìjọba fẹ́ yọ ibi tí òfin ti sọ pé èdè Jọ́jíà ni èdè ìjọba wọn. Ní April 14, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta. Ẹ rántí pé ní 1956, àwọn sójà ti yìnbọn pa èèyàn nílùú yìí kan náà. Wọ́n mọ̀ pé ìbọn lè dún, wọ́n ṣì jáde. Nígbẹ̀yìn, ìjọba ò yọ ọ́ mọ́. Títí dòní, April 14 ni ọjọ́ èdè wọn.

Láti Tbilisi, mo wọ marshrutka, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré bíi dánfó, lọ sí Yerevan ní Àméníà. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí Mọ́mì mi pé, "Mo ti ri oko." Kíá ni wọ́n pè mí: "Ọkọ ará ibo?" Mo rẹ́rìn-ín títí.

Bá a ṣe kọjá bọ́dà, lẹ́tà tún yí padà. Mesrop Mashtots ló ṣe lẹ́tà Àméníà ní nǹkan bí ọdún 405. Ère rẹ̀ wà níwájú Matenadaran, níbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ sí.

Ìwé kan níbẹ̀ ló pa mí lẹ́nu mọ́. Awọ màlúù ni wọ́n kọ ọ́ sí, ó wúwo tó kílò 28. Lọ́dún 1915, tí ìjọba Ottoman ń pa àwọn ará Àméníà nípakúpa, wọ́n ní obìnrin méjì tó ń sá lọ rí i nínú àwókù ilé àwọn mọ́ńkì ní Mush. Ẹnì kan ò lè gbé e, ni wọ́n bá pín in sí méjì. Ọ̀kan gbé ìlàjì tiẹ̀ dé Etchmiadzin. Ìkejì ò débẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó kú, ó ri tiẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Erzurum. Wọ́n padà rí i. Lónìí, apá méjèèjì ti wà papọ̀.

Ẹ gbọ́ o, ẹni tó ń sá fún ikú! Kò gbé góòlù, kò gbé oúnjẹ. Ìwé ló gbé.

Mo rántí "oko" tí mo kọ sí Mọ́mì. Àmì lásán ni, kò wúwo, mi ò sì lè gbé e. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbé kíbọọ̀dù Yorùbá sórí fóònù mi. Mọ́mì ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí: "Ọkọ̀ ni mo rí o, Mọ́mì. Ọkọ ṣì ń bọ̀."

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi. Ó dìgbà o!