Ráútà Fún Ilé Wa: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Wò Kí A Tó Rà Á

Ọ̀rọ̀ ráútà ni a mú wá lónìí, ẹ̀rọ kékeré tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà méjì mẹ́ta nínú ilé kan, kí àwọn ọmọ wa má baà máa jà sí fóònù kan ṣoṣo nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Owó iṣu ni a ó fi rà á. Kò yẹ kí ó ṣòfò.

Èkíní, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà dé oko. Èyí tí ń lo káàdì SIM ni kí a rà. Kí a kọ́kọ́ fi fóònù wò ó, nẹ́tíwọ̀kì wo ni 4G rẹ̀ dé ilé wa? Àwọn ráútà kan wà tí a ti tì mọ́ nẹ́tíwọ̀kì kan ṣoṣo. Bí èyíinì kò bá dé ọ̀dọ̀ wa, a ti ra ẹrù lásán.

Èkejì, iná. Púpọ̀ nínú wọn ń lo fóltì 12, bátìrì sólà sì lè gbé e. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó mọ̀wé ka ohun tí a kọ sí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, 5 GHz yára, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dá a dúró, 2.4 GHz ni ó ń jìnnà. Èyí tí ó ní méjèèjì ló dára jù.

Ẹ̀kẹrin, bí a bá gbé e délé, kí a yí pásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ráútà kì í bí dátà. Àmù omi kan náà ni. Bí ẹnu tí ń mu ún bá ti pọ̀ tó ni yóò ṣe tètè gbẹ tó.